Wọ́n ní kí n jókòó níbi ìpàdé ẹbí, pé ọmọ ẹrú ni wá. Ṣé ọ̀rọ̀ ẹrú ò tíì tán ni?

Àjàní_Mápó

Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti Sátidé. Mo ní kí n gbé e wá síbí kí n tó lọ bá ẹlòmíràn jà.

Ẹbí wa ṣèpàdé n'Ìbàdàn. Ilẹ̀ oko kan tó jẹ́ ti bàbá ńlá wa ni wọ́n fẹ́ tà, wọ́n sì tún fẹ́ mú ẹni tí yóò jẹ Mọ́gàjí. Ìdí igi mẹ́rin ni wá nílé náà, ìyẹn ọmọ ìyàwó mẹ́rin. Mo ní ó yẹ kó kan ìdí igi tiwa lọ́tẹ̀ yìí, torí a ò jẹ ẹ́ rí. Bàbá kan wà níbẹ̀, àbúrò ni wọ́n jẹ́ fún bàbá mi láti ìdí igi kejì. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ní: "Àjàní, jókòó. Ogun ló kó ìyá tó bí bàbá àgbà rẹ wá sílé yìí. Ẹni tí wọ́n fi okùn fà wọlé, ọmọ rẹ̀ kì í ṣe olórí ilé."

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Àwọn ìyàwó ilé ń wolẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin wà níbẹ̀, ọmọ ọdún 19. Ìgbà tá a wọ mọ́tò tán ló bi mí pé, "Dádì, ṣé ẹrú ni wá ni?"

Ọmọ ọdún 54 ni mí, mi ò gbọ́ ọ rí. Ẹ bá mi dá sí i.

Ìyá_Aláṣọ_Gbági

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Àwọn tó ní "ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn" ti dá bàbá yẹn lóhùn kí wọ́n tó bí i. Owó ilẹ̀ ló ń bẹ nídìí ọ̀rọ̀ yẹn. Ìgbà tí ẹ ń dáwó páànù ilé ẹbí, ṣé wọ́n ní kí ìdí igi tiyín má dá a?

Àjàní_Mápó

Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Èmi ni mo dá èyí tó pọ̀ jù.

Kúnlé_Houston

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù. Ẹrú tiwa ò jọ ti òyìnbó rárá. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹrú ń bá ọmọ jẹun, ó ń gbéyàwó, ó ń dáko tirẹ̀, òmíràn di ológun ńlá. Ní Texas tí mo wà yìí, wọ́n ń tà wọ́n bí ẹran ni. Kódà nígbà tí Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà, ti kéde òmìnira, 1 Oṣù Kìíní 1863, àwọn olówó ẹrú ibí ò yé mú wọn sìn. Ó di 19 Oṣù Kẹfà 1865 kí ológun ìjọba àpapọ̀ tó dé Galveston, kí wọ́n tó ka àṣẹ òmìnira sétí wọn. Òun ni wọ́n ń ṣe ayẹyẹ òmìnira tí wọ́n ń pè ní Juneteenth lé lórí. Kí ló fi ìyẹn jọ tiwa? Tiwa dà bí kéèyàn lọ gbé lọ́dọ̀ ẹbí ni.

Tíṣà_Ọ̀yọ́Aláàfin

Àbúrò mi Kúnlé, màá bá ẹ dé ìdajì ọ̀nà, màá sì já ẹ sílẹ̀ níbẹ̀.

Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà ní ìpele. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ẹni tí wọ́n fi sọfà ń fi iṣẹ́ san èlé orí owó tí wọ́n yá. Ọjọ́ tí owó bá pé, ó ń lọ sílé bàbá rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tà á. Òótọ́ ni pé ẹrú ọba ni àwọn Ìlàrí Aláàfin, àwọn tí wọ́n ń fá apá kan orí wọn, síbẹ̀ ìjòyè tó bí ara rẹ̀ dáadáa ń bẹ̀rù wọn. Òótọ́ ni pé ẹrú àwọn olórí ogun Ìbàdàn ń gun ẹṣin, wọ́n sì ń kó ogun lẹ́yìn. Gbogbo ìyẹn, mo gbà.

Ṣùgbọ́n ohun tí olówó ẹrú ń sọ la máa ń gbọ́. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti ẹni tí wọ́n mú. Ọmọdé kan wà tó ń jẹ́ Àjàyí, ní ìlú Òṣogùn, kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Lọ́dún 1821, láàárọ̀ ọjọ́ kan, oúnjẹ ò tíì kúrò lórí iná nígbà tí wọ́n ká ìlú mọ́. Fúlàní wà nínú àwọn tó kó wọn, ọmọ Ọ̀yọ́ náà sì wà níbẹ̀. Okùn ọrùn ni wọ́n fi so òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ pọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pín wọn. Wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Ẹṣin náà ò tẹ́ olówó rẹ̀ lọ́rùn, ni wọ́n bá dá a padà, wọ́n gba ọmọ wọn. Wọ́n tà á títí ó fi ń sún mọ́ etí òkun. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé ẹ̀rù kí wọ́n má ta òun fún òyìnbó bà òun débi pé òun fẹ́ fi ọ̀já fún ara òun lọ́rùn lóru. Láti Òṣogùn dé Èkó, kò sí òyìnbó kankan lójú ọ̀nà yẹn. Àwa la wà níbẹ̀.

Oṣù Kẹrin 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ àwọn Potogí tó kó o dúró lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Òun la wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. 1846 ló tún fojú kan ìyá rẹ̀ l'Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. Tó bá jẹ́ pé "gbígbé lọ́dọ̀ ẹbí" lèyí, a jẹ́ pé ẹbí wa le.

Kúnlé_Houston

Ó yé mi, Tíṣà. Mi ò mọ ti ẹṣin yẹn.

Ọmọ_Ìyálóde

Ṣé ẹ ò ní mú Efúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn ayé ọjọ́un, wọ̀ ọ́ báyìí? Mo ti ń retí rẹ̀.

Tíṣà_Ọ̀yọ́Aláàfin

Ìwọ lo mú un wọ̀ ọ́ o. Ó ṣẹlẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀?

Ọmọ_Ìyálóde

Ó ní ẹrú rẹpẹtẹ, ẹnikẹ́ni ò lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló kọ ìtàn ìkà rẹ̀ sílẹ̀? Àwọn tí wọ́n wà lẹ́yìn Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, tó rọ̀ ọ́ lóyè lọ́dún 1874, tí wọ́n sì pa á lọ́dún kan náà. Èwo nínú àwọn olórí ogun Ìbàdàn ni kò ní ẹrú? Obìnrin tó lówó, tó ń yá wọn ní ìbọn àti ẹ̀tù, tó wá ní òun ò yá wọn mọ́, òun nìkan ni a wá mọ̀ sí ìkà. Mi ò ní kò fìyà jẹ ẹrú. Mo ní ẹ ka gbogbo wọn mọ́ ọn.

Ṣadé_Peckham

Ẹ̀yin àgbà, ẹ rọra o. Bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ yìí gan-an ni àwọn aláwọ̀ funfun ibi iṣẹ́ mi ṣe ń fi dá mi lóhùn: "Ẹ̀yin náà lẹ ta ara yín." Wọ́n á wá fi ìyẹn pa ẹjọ́ ọ̀hún dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bí mi nínú. Lọ́dún 1833 tí ilé aṣòfin London fòfin de ìkónilẹ́rú ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, mílíọ̀nù 20 pọ́n-ùn ni wọ́n ní kí wọ́n fi ṣe gbà-máà-bínú. Kò sí kọ́bọ̀ fún ẹrú níbẹ̀. Olówó ẹrú ni wọ́n bẹ̀. Wọ́n tún ní kí àwọn ẹrú náà ṣì máa bá wọn ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọdún mélòó kan sí i, ó di 1838 kí ìyẹn tó dópin. Ìjọba yá nínú owó yẹn, gbèsè náà sì wọ́ títí di 2015 kí wọ́n tó san án tán. Mo ti ń san owó orí níbí láti 2006. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, mò ń tọ́jú arúgbó. Ẹ bá mi ṣírò ọ̀rọ̀ yìí: èmi ọmọ Yorùbá ń bá wọn san gbèsè tí wọ́n jẹ láti fi tu àwọn tó ra àwọn èèyàn mi nínú.

Ti Haiti tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ẹrú ibẹ̀ jà fúnra wọn, wọ́n gba òmìnira lọ́dún 1804. Faransé kó ọkọ̀ ogun wá lọ́dún 1825, ó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 150 fránkì. Owó kí ni? Owó orí ara wọn. Wọ́n dín in kù sí 90 lẹ́yìn náà, síbẹ̀ ọ̀rúndún ogún ti dé ìdajì kí wọ́n tó bọ́ nínú gbèsè tí ọ̀rọ̀ yẹn kó wọn sí.

Tíṣà_Ọ̀yọ́Aláàfin

Ìyá Peckham, mi ò bá yín jà. Ẹni tó jalè àti ẹni tó ra ẹrù olè, adájọ́ kì í torí ọ̀kan dá èkejì sílẹ̀.

Gbogbo ayé ló ṣe é. Inú orúkọ àwọn ẹ̀yà Slav ni Gẹ̀ẹ́sì ti yọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ẹrú, òyìnbó ni àwọn yẹn. Ní Róòmù, ẹrú kan tó ń jẹ́ Spartacus kó ẹrú dìde lọ́dún 73 ṣáájú ìbí Jésù. Nígbà tí apá ká wọn, 6,000 ni wọ́n kàn mọ́ igi lẹ́bàá títì láti Capua dé Róòmù. Èyí tó jọ tiwa jù lójú mi ni ti Kórià. Àwọn ará Kórià fi ara wọn ṣẹrú, èdè kan náà, àwọ̀ kan náà, oúnjẹ kan náà. Nobi ni wọ́n ń pè wọ́n, ọmọ sì ń jogún rẹ̀ lára òbí. 1894 ni wọ́n tó fòpin sí i.

Ohun tí òwò orí òkun wá fi kún un ni àwọ̀. Bó ti wù kí o sọ èdè wọn tó, kí o bí ọmọ, kí ọmọ náà bí ọmọ, àwọ̀ rẹ á máa pariwo rẹ. Àti iye: nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 àtààbọ̀ èèyàn ni wọ́n kó sínú ọkọ̀, àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ láàyè lódì kejì ò pé mílíọ̀nù 11. Òkun ló gbé ìyókù.

Jẹunsókè

Ẹ̀gbọ́n Àjàní, èló ni wọ́n ń ta pulọ́ọ̀tì kan nínú ilẹ̀ yẹn? Mo ní oníbàárà.

Alámòójútó

Jẹunsókè, ọ̀nà ọjà ò gba ibí. Ìkìlọ̀ kejì rèé.

Àlàájì_Ìwó

Kí n sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó fi bú wa: àwọn Lárúbáwá náà kó ẹrú, wọ́n kó o fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Lẹ́bàá Basra ní Ìráàkì, àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Zanj ń gbẹ́ ilẹ̀ iyọ̀ nínú oòrùn. Lọ́dún 869 wọ́n dìde, ọdún 14 gbáko ni wọ́n fi bá Kálífà jà. Ní Mọriténíà, 1981 ni ìjọba tó ní kò sí ẹrú mọ́, 2007 ló sì tó di pé wọ́n lè fi olówó ẹrú jófin. Fún ọdún 26, òfin wà, ìjìyà ò sí. Àwọn Haratin ibẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọ ẹrú, ṣì ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn títí di òní.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé mùsùlùmí náà ni àwọn ọmọ wa tó dìde ní Bahia, ní Brazil. Oṣù Kìíní 1835, nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì, àwọn ẹrú Nàgó, ìyẹn àwa Yorùbá, gbé idà ní ìlú Salvador. Òru kan ni wọ́n fi jà, wọ́n pa wọ́n ní ìpakúpa. Ìwé tí wọ́n fi èdè Lárúbáwá kọ ni wọ́n bá lọ́rùn òkú wọn, tí wọ́n dì bíi tírà. Wọ́n máa ń sọ pé ẹrú ò mọ̀wé, àmọ́ àwọn ẹrú náà ń kọ̀wé tí ọ̀pọ̀ olówó wọn ò lè kà. Orílẹ̀-èdè Brazil dúró di 13 Oṣù Karùn-ún 1888 kó tó dá ẹrú sílẹ̀, òun ló kẹ́yìn ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Nàgó_Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, láti Pọ́tò-Nófò. Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹni tó tà àti ẹni tí wọ́n tà jọ ń gbé àdúgbò kan náà ni. Ẹ lọ sí Ouidah, ẹ ó bá àwọn ọmọ de Souza, tí bàbá ńlá wọn, Chacha, jẹ́ aláròóbọ̀ ẹrú fún ọba Dàhọ̀mì. Ẹ ó tún bá ìdílé tí Dàhọ̀mì kó láti ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ń fẹ́ ara wọn. Ọjọ́ tí ìjà bá dé lẹ ó tó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbàgbé.

Ọ̀kan nínú àwọn tiwa tí Dàhọ̀mì kó ni Kossola, ọmọ Olúalé, láti agbègbè Bantè. Ó tó ọmọ ọdún 19. Lọ́dún 1860, ó ti pé ọdún 52 tí òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ẹnikẹ́ni má kó ẹrú wọlé mọ́, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Clotilda ṣì wá sí Ouidah, ó kó bíi 110 èèyàn lọ sí Mobile ní Alabama. Ọkùnrin olówó kan, Timothy Meaher, ló rán an. Wọ́n ní ó bá wọn jiyàn pé òun á kó ẹrú wọlé lójú ìjọba ni. Ní kété tí wọ́n sọ wọ́n kalẹ̀, wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà kí àṣírí má baà tú.

Ìgbà tí ogun abẹ́lé dá wọn sílẹ̀, wọ́n fẹ́ padà sílé, kò sówó ọkọ̀. Kossola lọ bá Meaher: ìwọ lo mú wa kúrò lórí ilẹ̀ wa, fún wa ní ilẹ̀ díẹ̀. Ó kọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n dá owó jọ, wọ́n rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ẹ̀kọ́, wọ́n pe ibẹ̀ ní Africatown. Ọdún 1935 ni Kossola kú. 2019 ni wọ́n fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ọkọ̀ tí wọ́n rí nísàlẹ̀ odò Mobile ni Clotilda. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀wọ̀n lórí rẹ̀.

Ààrẹ wa nígbà náà, Kérékou, lọ kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Baltimore lọ́dún 1999, ó tọrọ àforíjì. Láti 2024, òfin wa gbà kí ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kó lọ di ọmọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Inú mi dùn sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àforíjì tí wọ́n bẹ̀ ní Baltimore, mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ ní Bantè.

Ṣadé_Peckham

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Háà.

Lọ́yà_Dùgbẹ̀

Ọ̀gá Àjàní, ẹ jẹ́ ká padà sọ́rọ̀ ilé yín. Àkọ́kọ́, nínú àṣà wa àtijọ́ pàápàá, ọmọ tí ẹrúbìnrin bá bí fún olówó rẹ̀, ọmọ ilé ni. Bàbá yẹn kò tilẹ̀ mọ àṣà tó ń fi dá yín jókòó. Ìkejì, kóòtù ti gba ìdí igi gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ìpín ogún Yorùbá, ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ adájọ́ àgbà ní London lọ́dún 1962. Iye ìyàwó tó bímọ ni wọ́n ń kà, wọn kì í bi ìyàwó pé báwo ló ṣe délé. Ìkẹta, abala 42 nínú ìwé òfin Nàìjíríà 1999 ní kò gbọdọ̀ sẹ́ni tí wọ́n máa fi nǹkan dù nítorí irú ìbí tí wọ́n bí i. Ẹ má tètè lọ sí kóòtù o, owó lọ́yà máa jẹ ilẹ̀ yẹn tán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ mọ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Ọ̀ṣun

Ẹ dákun, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bíi pé ó ti kọjá lọ. Àbúrò mi obìnrin lọ sí Oman láti ṣọmọ ọ̀dọ̀. Ẹnìkan tó jẹ́ ará àdúgbò wa ló ṣètò ẹ̀, ó ní iṣẹ́ ilé ìwé ọmọdé ni. Ọjọ́ tó débẹ̀ ni wọ́n gba páálí ìrìnnà lọ́wọ́ ẹ̀. Aago márùn-ún ìdájí ló ń jí, ó di òru kó tó sùn. Ó ní òun fẹ́ máa bọ̀ nílé, ìyáálé ilé náà ní: "Mo ti rà ẹ́. Ẹni tó bá máa mú ẹ lọ, kó dá owó mi padà." Oṣù mọ́kànlá. Ilẹ̀ la tà ká tó rí owó rà á padà. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi yẹn: rà á padà.

Ó ti délé. Kì í tan iná yàrá rẹ̀ lálẹ́.

Tíṣà_Ọ̀yọ́Aláàfin

Ọlọ́run á tù ú nínú, ọmọ mi. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé ní èèyàn mílíọ̀nù 50 ló wà nínú oko ẹrú òde òní lọ́dún 2021. Mílíọ̀nù 28 nínú wọn wà lẹ́nu iṣẹ́ ipá, ìyókù wà nínú ìgbéyàwó tí wọ́n fi tipátipá ṣe. Nílé wa níbí ńkọ́? Lọ́dún 2003, àwọn ọmọdé tí wọ́n kó láti Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n lọ kó jáde níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta l'Abẹ́òkúta. Abẹ́òkúta, ìlú tí àwọn tó sá fún ogun ẹrú tẹ̀ dó.

Ìyá_Aláṣọ_Gbági

Mo ti kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ní kí n dákẹ́, àmọ́ mi ò lè dákẹ́.

Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ mi, wọ́n mú un wá láti apá Àjàṣẹ́. Ó ti lo ọdún mẹ́ta. Obìnrin kan ló ń mú wọn wá, òun ni mo máa ń san owó oṣù rẹ̀ fún lọ́dọọdún. Mo ń fún ọmọ náà lóúnjẹ, mi ò lù ú rí, aṣọ ọdún tí mo rán fún ọmọ mi ni mo rán fún un. Lálẹ́ àná mo bi í pé ṣé ìyá rẹ̀ ń gba owó náà. Ó ní òun ò mọ̀. Mo ní èló ni wọ́n ní mò ń san. Ó ní òun ò mọ̀. Mo ní ọmọ ọdún mélòó ni ọ́. Ó ní òun ò mọ̀.

Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ "ẹrú ní baba" lókè lọ́hùn-ún.

Nàgó_Àjàṣẹ́

Màmá, ẹ fi orúkọ abúlé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, ẹ má kọ ọ́ síbí. Mo lè wá wọn rí.

Ìyá_Aláṣọ_Gbági

Ó ti wọlé sí yín.

Àjàní_Mápó

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ṣe ìwádìí díẹ̀ láti àná.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó dàgbà jù, mo ní kí wọ́n rántí ìyá àgbà kan tó bá wa gbé nígbà tá a kéré, ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà wa ni wọ́n. Wọ́n kú ní bíi 1982. Ṣé ẹ rí i, tí ìyá yẹn bá fẹ́ kí á wọlé, "ulé" ni wọ́n máa ń sọ. Wọ́n ń pe iṣu ní "uṣu". Àwa ọmọdé máa ń fi wọ́n ṣẹ̀sín, a rò pé torí eyín wọn tó ti yọ ni. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ lórí fóònù ni ẹnu yà mí.

Ọmọ_Òkè_Ìmẹ̀sí

Bàbá mi, eyín kọ́ o. Bí àwa Èkìtì ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, àwọn Ìjẹ̀ṣà náà ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn kó wa púpọ̀ láyé ọjọ́un, òun ló fa ogun Kírìjí lọ́dún 1877, títí wọ́n fi fọwọ́ síwèé àlàáfíà ní 1886. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àárín ogun yẹn ni wọ́n mú ìyá wọn wá. Èdè ìyá wọn lẹ gbọ́ lẹ́nu wọn.

Ẹ wá nǹkan kan fún mi. Irú ìlà wo ló wà lójú ìyá tí wọ́n mú wá yẹn gan-an? Àwọn àgbà kan wà níbí tó jẹ́ pé tí wọ́n bá rí ìlà, wọ́n lè sọ ìlú.

Àjàní_Mápó

Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà. Bàbá ńlá wa jókòó, àwọn ìyàwó wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró sẹ́yìn. Ìyẹn ò kúkú sí lọ́wọ́ wa. Pálọ̀ bàbá tó ní kí n jókòó yẹn ni wọ́n gbé e kọ́ sí.

Mo máa mú ọmọ mi dání lọ́la, a ó lọ kí wọn.